Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fi etí tẹ dùùrù fẹ́ lọ kọ́ orin ní Yunifásítì Èkó: kí ni kó kọ́kọ́ gbájú mọ́?

ÀbúròDùùrù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi kan fẹ́ ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, orin ló sì fẹ́ lọ kọ́ ní Akọka. Kíbọ́ọ̀dù ló ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, etí rẹ̀ sì mú. Ó mọ sọ́lífà. Ṣùgbọ́n kò lè ka orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, kíì C nìkan ló mọ̀, bọ́tìnì transpose ló fi ń ṣe ìyókù. Kò ṣe Music ní WAEC. Oṣù mẹ́wàá ló kù. Ṣé ọ̀nà wà? Kí ni kó fi oṣù mẹ́wàá náà ṣe? Ṣé ká wá dùùrù onígi fún un, àbí kíbọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ tó?

Olùkọ́Tíọ́rì

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìwé bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ orin ti ń já kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn wọn.

Ní Akọka, abẹ́ Department of Creative Arts ni orin wà, ní Faculty of Arts, òun pẹ̀lú tíátà àti iṣẹ́ ọnà àwòrán. Nítorí náà, nígbà tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB, kó wò ó dáadáa pé Music gan-an ló yàn. Iṣẹ́ mẹ́rin ni yóò jókòó fún: English ní ìbéèrè 60, mẹ́ta yòókù ní 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré. Music wà lára iṣẹ́ tí JAMB ń ṣe, ẹni tó bá rò pé ọwọ́ tó dá lórí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀ yóò yà á lẹ́nu. Wọ́n máa ń bi nípa nóòtì, kíì àti kọ́ọ̀dù. Wọ́n máa ń bi nípa ìtàn orin àwọn Òyìnbó. Wọ́n sì máa ń bi nípa ohun èlò àti olórin ilẹ̀ Áfíríkà. Apá ìtàn yẹn ni àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kì í kà, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti gba máàkì níbẹ̀ torí kíkà lásán ni.

Ti WAEC tí kò sí Music nínú rẹ̀: ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lójú pópó gbọ́, títí kan tèmi. Ẹ lọ sórí IBASS tí JAMB fi ń gbé ìlànà gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jáde, ẹ tẹ orúkọ yunifásítì, ẹ tẹ Music. Ẹ ka credit márùn-ún tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọ́n lè gbà dípò Music. Ẹ ka ti Ifẹ̀, Nsukka àti LASU pẹ̀lú, torí ibi kan lè ṣí ilẹ̀kùn tí ibòmíràn tì.

Ọ̀nà kejì ni Direct Entry. Ẹni tó bá ní díplómà tàbí NCE tó yè kooro lè bẹ̀rẹ̀ láti 200 level. Díplómà ọdún méjì wà ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON, Oníkàn. Pólì Ìbàdàn náà ń kọ́ orin. Fún ọmọ tí kò tíì lè ka nóòtì kankan, èmi ò rí ọ̀nà yìí bí ìfàsẹ́yìn. Ọdún méjì tí wọ́n fi ń lu ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀ sàn ju ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ń sá fún harmony, ìyẹn ìlànà bí ohùn púpọ̀ ṣe ń bá ara wọn lọ.

BàbáKúáyà

Olùkọ́ ti sọ ti ìwé. Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kan ojú egbò: bọ́tìnì transpose yẹn.

Bí ó ṣe ń ṣe nìyí. Adarí orin a gbé orin ní E♭, ọmọ a tẹ bọ́tìnì lọ sí +3, a sì máa tẹ C rẹ̀ lọ. E♭ ló ń jáde, C ni ìka wà. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ F♯ ni wọ́n mọ̀, torí eyín dúdú rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn ní ọjọ́ Sunday. Ṣùgbọ́n dùùrù onígi kò ní bọ́tìnì. Bí wọ́n bá ní kó tẹ sikéèlì A♭ (nóòtì kíì náà léraléra láti doh dé doh òkè) ní ọ́díṣọ̀n, ọwọ́ á kú síbẹ̀, gbogbo orin tó ti ń dùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún márùn-ún á dà bí ẹni pé kò kọ́ ọ rí.

Ẹ fi táàpù bo bọ́tìnì náà lónìí. Mi ò ṣeré.

Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méje ló máa gbà láti yí gbogbo kíì méjìlá po. Ọ̀sẹ̀ kìíní C nìkan, kí ìka lè bọ́ sí ọ̀nà rẹ̀. Ìkejì G àti F. Ìkẹta D àti B♭. Ìkẹrin A àti E♭. Ìkarùn-ún E àti A♭. Ìkẹfà B àti D♭. Ìkeje F♯. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni ìka. Lórí C, ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ 1-2-3-1-2-3-4-5, àtàǹpàkò ni 1. Tí ọmọ bá gbé ìka yẹn lọ sí F, àtàǹpàkò á bọ́ sórí B♭, ọwọ́ á sì takókó. F gbọ́dọ̀ jẹ́ 1-2-3-4-1-2-3-4. B♭ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, àtàǹpàkò á wá bọ́ sórí C àti F: 2-1-2-3-1-2-3-4. Ìlànà kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: nínú sikéèlì, àtàǹpàkò kì í gun eyín dúdú. Ẹni tó bá mọ ìyẹn lè fúnra rẹ̀ wá ìka èyíkéyìí rí.

Metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìró, ní 60 lójú ìṣẹ́jú kan, nóòtì kan sí ìró kan. Kó má sáré lọ sí 66 àfi tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra láìṣì. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 100, wọ́n á kọ́ àṣìṣe náà mọ́wọ́, ó wá di pé wọ́n ní láti gbàgbé kí wọ́n tó kọ́.

ÀbúròDùùrù

Táàpù ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n Sunday ńkọ́? Wọ́n máa ń ju kíì sí i lójijì ni.

BàbáKúáyà

Kó gba orin márùn-ún àkọ́kọ́ lọ́wọ́ adarí láti ọjọ́ Friday pẹ̀lú kíì wọn. Èyí tó bá já lù ú láìròtẹ́lẹ̀, kó fi ọwọ́ òsì tẹ báàsì nìkan, nóòtì kan sí kọ́ọ̀dù kan, kí gìtá gbé ìyókù. Ìjọ ò ní mọ̀. Oṣù méjì ni ojú fi máa tì í, ó tán.

Sópúránò_Yábà

Ẹ jọ̀wọ́ o, kí ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà da sọ́lífà nù torí pé wọ́n ní kó kọ́ ìlà márùn-ún. Àwọn kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ti àwọn ìyá kúáyà ni. Irọ́ ni. Ọmọ tó lè kọ d–m–s–m–d láìsí dùùrù ti mọ àlàfo ohùn. Ohun tó kù ni kí ojú rẹ̀ bá etí rẹ̀ pàdé.

Afárá tó rọrùn jù nìyí: bí doh bá wà lórí ìlà, mi àti sol wà lórí ìlà méjì tó tẹ̀ lé e lókè. Bí doh bá wà nínú àlàfo, mi àti sol wà nínú àlàfo méjì tó tẹ̀ lé e. Kò sí kíì tí èyí kì í ti ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó mú orin ìyìn kan tó mọ̀ ní sọ́lífà, kó wo "Doh is G" tí wọ́n kọ sókè, kó fi doh sórí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀, kó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nóòtì náà jáde. Orin kan lójúmọ́, ohùn sópúránò nìkan ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, báàsì tẹ̀ lé e. Yóò rí i pé láàrin oṣù méjì òun kò ka lẹ́tà mọ́. Ìrísí ló ń kà.

Àmì àkókò náà ní ìtumọ̀ kan náà. Àmì ":" ni ó pín lílù kan sí èkejì, "." pín lílù sí méjì, "," pín in sí mẹ́rin, "–" ní kí ohùn dúró síbẹ̀. Nítorí náà "d : r | m : –" jẹ́ nóòtì onílùú kan méjì, lẹ́yìn náà nóòtì onílùú méjì kan. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ti mọ crotchet àti minim, orúkọ ni kò mọ̀.

Ibi méjì ni sọ́lífà ti máa dà á. Èkíní, orin tó bá yí kíì láàrin ọ̀nà. Nínú ìwé sọ́lífà, wọ́n máa ń kọ s kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ d ńlá, ìyẹn ni pé ohùn tó ti ń jẹ́ sol ti di doh báyìí. Lórí ìlà márùn-ún kò sí irú àmì bẹ́ẹ̀. Sharp (♯) tàbí flat (♭) tuntun tó ń yọjú lọ́pọ̀ ìgbà ni ó máa fi mọ̀. Èkejì ni orin oníbànújẹ́, èyí tí à ń pè ní minor. Ilé rẹ̀ ni lah, sol tó bá gòkè díẹ̀ di se. Ọ̀pọ̀ ọmọ kúáyà máa ń pe ilé yẹn ní doh, gbogbo ìyókù á wá ṣì.

Olùkọ́Tíọ́rì

Mo fara mọ́ Sópúránò, mo sì fẹ́ fi àfojúsùn kan lé e: theory Grade 5 ti ABRSM, àjọ ìdánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí oṣù kẹjọ nínú mẹ́wàá yẹn tó pé. Kì í ṣe torí ìwé-ẹ̀rí nìkan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí 100 level máa kà sí pé o ti mọ̀: kíì títí dé sharp mẹ́fà àti flat mẹ́fà, clef (àmì iwájú ìlà márùn-ún tó ń sọ orúkọ nóòtì) mẹ́rin pẹ̀lú tenor clef, àkókò aláìdọ́gba bíi lílù 5 àti 7, àti gbígbé orin láti kíì kan sí òmíràn fún ohun èlò. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é láti 2020, máàkì 75 ni, 50 ni àṣeyege, 60 ni merit, 65 ni distinction. Láìsí i, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kà sí dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó fún ìdánwò ohun èlò Grade 6 sókè.

Lórí gbígbé orin fún ohun èlò, ẹ jẹ́ kó fi ẹgbẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ́ ọ. Bí dùùrù bá wà ní E♭, trumpet gbọ́dọ̀ ka F, alto saxophone gbọ́dọ̀ ka C, horn gbọ́dọ̀ ka B♭. Ìdí ni pé C tí trumpet bá kà, B♭ ló ń dún. C tí alto bá kà, E♭ ló ń dún. C tí horn bá kà, F tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń dún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n yí nóòtì padà kí wọ́n má yí àmì kíì níwájú, tàbí kí wọ́n yí i sí ọ̀nà òdì: wọ́n á rí B♭, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ dípò kí wọ́n gòkè.

Atúndùùrùṣe

Ìbéèrè kẹta dọ́wọ́ mi. Ẹ má ra dùùrù onígi. Kò tíì tó àkókò.

Dùùrù tokunbo tó ti òkè òkun dé máa ń dára lójú, inú rẹ̀ ni ìṣòro wà. Okùn bíi 220 sí 230 ló wà nínú rẹ̀, ìṣó kan ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú nínú igi. Nínú àpótí ọkọ̀ ojú omi, igi yẹn á gbẹ tàbí kó wú, ihò ìṣó á tú. Ẹ lè tún un ṣe lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á ti bọ́. Bí ẹ bá máa wò ó, ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọnhùn orí fóònù sí i, ẹ tẹ A tó wà lókè C àárín: 440 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ 415 tàbí kéré sí i, ó ti lọ sílẹ̀ tó ìdajì ohùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, okùn á já ni, ó sì léwu fún ojú. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi láàrin.

Ojú ọjọ́ Èkó náà ń dá sí i. Nígbà òjò, pátákó inú rẹ̀ á wú, ohùn á gòkè. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ, ohùn á wálẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ sí i lára burú ju méjèèjì lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ rà ni dùùrù oníná tó ní eyín 88 tó wúwo bíi ti gidi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ sustain. Kíbọ́ọ̀dù eyín 61 tí kò wúwo kì í jẹ́ kí ìka ní agbára. Ọmọ á dé orí dùùrù yunifásítì, ohùn rẹ̀ á máa jáde fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bí owó ò bá tíì sí, kó lo 61 yẹn fún sikéèlì, kó sì wá ibi tí dùùrù gidi wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Èkó Ìsàlẹ̀ àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní ọ̀kan tí wọ́n fi aṣọ bò.

Ẹ ṣọ́ra fún adaptọ̀. Bí iná bá lọ tí ẹ fẹ́ fi bátìrì fà á, ẹ ka fóltéèjì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún wo àwòrán òbìrí kékeré tó ń sọ bóyá plus wà nínú tàbí níta. Adaptọ̀ tó bá yí plus sí minus lè jó pátákó iná inú dùùrù náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ayán_Mushin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé dùùrù nìkan ni ohun èlò. Ṣé ọmọ yìí gbọ́ ìlù? Wọ́n máa kọ́ ọ ní orin ilẹ̀ wa níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá sì ti ní ohun tí ẹlòmíràn ò ní.

Kó lọ jókòó ti onídùndún, kó má kàn wo ọwọ́ ìyáàlù. Kó gbọ́ gúdúgúdú tó jẹ́ olójú kan, tí kì í yí ohùn padà, tí wọ́n fi awọ líle méjì lù. Òun ló so gbogbo ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó kọ ohun tí ìyáàlù sọ sílẹ̀, kó má ṣe wá C tàbí D nínú rẹ̀. Ọsán tí wọ́n ń tẹ̀ lápá kì í dúró sójú kan, bí òjò bá rọ̀ awọ á rọ̀, ohùn á ti yí. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kó fà: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Kó kọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ rẹ̀, kó sì fi ìlà tó tẹ̀ hàn níbi tí ohùn ti yọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Láìsí ọ̀rọ̀ lábẹ́, ohun tó kọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ti orin kíkọ ló ṣe pàtàkì jù. Gbogbo wa mọ dò-re-mí. Ọ̀run jẹ́ dò-re. Ọrùn jẹ́ re-dò. Ọrun tí ọdẹ ń ta jẹ́ re-re. Ọ̀rún tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ jẹ́ dò-mí. Bí ọmọ bá kọ ohùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí "ọ̀run", ìjọ á máa kọrin nípa ọrùn tọkàntọkàn. Ohun tó pọ̀ nínú àwọn orin tí wọ́n túmọ̀ láyé àwọn míṣọ́nárì nìyẹn, torí ohùn ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ohun tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi gba ìyìn nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni pé ó ti ara ohùn ìbílẹ̀ mú orin jáde. T. K. Ekundayo Phillips, tó darí orin ní Kàtídírà Marina láti 1914 sí 1962, náà tẹnu mọ́ ọn pé kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Sópúránò_Yábà

Ẹ̀gbọ́n Ayán, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kejì ńkọ́? Ẹsẹ kìíní lè bá ohùn mu, ẹsẹ kejì ní ọ̀rọ̀ mìíràn, àmì ohùn mìíràn, orin kan náà. Kí ni kó ṣe?

Ayán_Mushin

Ọ̀nà mẹ́ta tí mo mọ̀. Kó yí orin padà díẹ̀ ní ẹsẹ kejì, kò sí òfin tó ní kó má yí. Tàbí kó lo lílé àti ègbè: ègbè dúró gbọn-in, kì í yí, adálé ló ń yí ohùn tirẹ̀ bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyẹn la ti ń ṣe ká tó rí Òyìnbó. Tàbí kó wá ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì tí àmì ohùn rẹ̀ jọ ti èkíní, iṣẹ́ ńlá sì ni. Kì í ṣe gbogbo sílébù ló ṣòro o. Ibi tí àṣìṣe ti ń pa ìtumọ̀ dà ni kó ṣọ́. Níbòmíràn, ohùn méjì lè wà lójú kan náà láìṣe nǹkan kan. Kó ṣáà má lọ sí òdìkejì.

Sópúránò_Yábà

Ó dáa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá gbà wá níbí. Ní kíláàsì harmony wọ́n ní kí báàsì àti sópúránò máa lọ ní ọ̀nà òdì sí ara wọn. Bí sópúránò bá gòkè lórí "ọ̀run", báàsì á sọ̀ kalẹ̀. Báàsì ń kọ ọrùn nìyẹn!

Olùkọ́Tíọ́rì

Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ní ọ́díṣọ̀n nìyí.

Ní kíláàsì, kó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ohùn mẹ́rin, kò gbọ́dọ̀ sí fifth (àlàfo bíi doh sí sol) méjì tàbí octave (doh sí doh òkè) méjì tó tẹ̀ léra láàrin ohùn méjì kan náà, te, nóòtì keje, gbọ́dọ̀ gòkè lọ sí doh, pàápàá nínú sópúránò, a kì í sì í fún ohùn méjì ní te. Àlàfo sópúránò sí áltò, àti áltò sí ténọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju octave kan lọ. Octave méjì tó tẹ̀ léra ni àṣìṣe ọmọ kúáyà jù lọ, torí ní ṣọ́ọ̀ṣì báàsì máa ń bá orin lọ nísàlẹ̀. Kó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó fi sílẹ̀, torí ohùn mẹ́rin ní méjì-méjì mẹ́fà: S-A, S-T, S-B, A-T, A-B, T-B. Ẹni tó bá kàn wo lókè lásán kò ní rí i.

Nígbà tó bá wá ń kọ orin Yorùbá tirẹ̀, òfin méjì kọlu ara wọn, òun ló máa yàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọrin ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì: ohùn kejì máa ń wà ní third (àlàfo bíi doh sí mi) sí ti àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì ń gòkè pọ̀, wọ́n ń sọ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́ lẹ́nu ẹnì kankan. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀kan, ohùn èdè ló bí i. Ó lè jẹ́ kí sópúránò àti áltò gbé ọ̀rọ̀ báyìí, kí ténọ̀ àti báàsì di ohùn kan mú lórí "o" tàbí "a", tàbí kí wọ́n kùn. Ó lè jẹ́ kí báàsì dúró lójú kan nígbà tí sópúránò bá ń lọ. Ó sì lè jẹ́ kí báàsì wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn lílù méjì, pẹ̀lú ohùn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìkẹyìn, ó ń jẹ́ kí orin mí. Kíkùn tó pọ̀ jù máa ń sú ni.

ÀbúròDùùrù

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè ìkẹyìn: wákàtí mélòó lójúmọ́? Irú orin wo ni kó mú lọ sí ọ́díṣọ̀n?

BàbáKúáyà

Wákàtí kan àbọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Sikéèlì 20 ìṣẹ́jú. Kíka orin tí kò rí rí 15. Orin tó ń kọ́ 40. Orin fífi ẹnu kọ àti etí 15. Kò gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ sí Saturday. Ọwọ́ kì í rántí bẹ́ẹ̀.

Fún kíka orin lójú ẹsẹ̀, kó gba ohun tó rọrùn ju agbára rẹ̀ lọ ní ìpele méjì. Ìdajì ìṣẹ́jú ni kó fi wò ó kó tó tẹ̀ ẹ́: kíì, àkókò, ibi tó le jù. Kó yan eré tó lè fi kọjá ibi tó le yẹn, kì í ṣe ti ibi tó rọrùn. Bó bá ṣì, kó má padà. Àwọn tó ń fi etí tẹ dùùrù ní àrùn yìí gan-an: wọ́n á gbọ́ nóòtì tó ṣì, ọwọ́ á fò padà lọ tún un ṣe, àkókò á sì dàrú. Kó bo ìlà tó ti kà pẹ̀lú káàdì bó ṣe ń lọ, kó má baà rí ibi tó máa padà sí.

Orin méjì tó yàtọ̀ síra: ọ̀kan tó yá, tí ìka hàn nínú rẹ̀, ọ̀kan tó fà, tí ohùn hàn. Kó yan èyí tó ti lè tẹ̀ láìṣì lóṣù méjì ṣáájú. Èyí tó ń jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ ọ́díṣọ̀n á jù ú nù. Kó sì mú ìwé orin náà lọ, kódà bó bá ti mọ̀ ọ́n sórí. Àwọn tó jókòó máa ń fẹ́ ẹ̀dà kan.

Kó tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù onígi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó lọ. Ìwúwo wọn kì í dọ́gba, ẹsẹ̀ wọn náà kì í dọ́gba.

Ayán_Mushin

Kí n fi kan kún un, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ní kó pàtẹ́wọ́ nǹkan kan. Kọ́ńkóló agogo: òǹkà 12 ló wà nínú rẹ̀. 12/8 ni kó kọ ọ́ sí. Àwọn ọmọ máa ń kọ ọ́ sí 4/4, wọ́n á wá máa fi àmì triplet (nóòtì mẹ́ta nínú lílù kan) há gbogbo ibẹ̀, kò sì ní ṣeé kà. Ṣáájú kíkọ, kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọwọ́ máa pa agogo lọ lórí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wá "ọ̀kan", ìyẹn lílù àkọ́kọ́, láti inú ìró agogo. Ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni kó wò, ibẹ̀ ni ọ̀kan wà.

ÀbúròDùùrù

Ó ti ń pàtẹ́wọ́ báyìí lórí tábìlì ìjẹun. Màmá ní kó lọ ṣe é níta.